Ọwọ́ Lábẹ́ Àgbọ̀n Duoyun

Ẹ̀rù páńdà ń ba Kuang Yuerong, kò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ẹranko tí gbogbo ìlú fẹ́ràn bí ojú, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára bọ́ọ̀sì àti ife àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọdé, tí àwọn ìyá àgbà ń dúró lẹ́yìn gíláàsì tí wọ́n ń kí bí ẹni ń kí ọmọ-ọmọ wọn, òun gan-an ló ń já Yuerong láyà láràárọ̀ bó bá ti ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà rẹ̀. Gbogbo ọdún tó ti fi ń tọ́jú wọn ní ọgbà ẹranko ìlú, ẹ̀rù náà kò dín. Ó kàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e pamọ́ ni, bí ọmọge ṣe ń gbé oyún tí kò fẹ́ kí ará ilé fura sí.

Ọkọ rẹ̀, Ran Bo, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni. Òun ló máa ń dáná ní alẹ́, nítorí ìdáná kì í ti àwọn ọkùnrin Sichuan ní ilẹ̀ China lójú, bó bá sì ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. A ní iṣẹ́ ìyàwó òun ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ayé, kí èèyàn máa fún ọmọlangidi lóúnjẹ, kí ìjọba sì máa sanwó fún un lóṣooṣù. Suisui, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, a rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì yóò fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Yuerong náà a rẹ́rìn-ín, a sì fi igi ìjẹun mú ẹran tó sanra jù sínú abọ́ ọkọ rẹ̀ kí ó lè rí nǹkan fi dí ẹnu.

Ohun tí kò sọ fún wọn ni ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ níbi iṣẹ́. Duoyun ni wọ́n ń pe abo páńdà tó wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, abo tó sanra, tó dàgbà, tí kò ní wàhálà. Bí Duoyun bá jókòó, tó na ẹsẹ̀ síwájú bí àgbàlagbà níwájú ilé, tó mú ọparun tó ki bí ọrùn ọwọ́ èèyàn, tó tì í sí kọ̀rọ̀ ẹnu tó sì pa eyín dé, ìró kan máa ń jáde, ìró gbígbẹ tí kò pariwo. Àwọn tó wà lẹ́yìn gíláàsì a pàtẹ́wọ́. Yuerong a wo ọwọ́ ara rẹ̀, a rí i pé òun ti fi ọwọ́ ọ̀tún di ọrùn ọwọ́ òsì mú.

Ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà ni Pu Dexuan, bàbá kan tó rí pẹ́lẹ́bẹ́ bí ẹja gbígbẹ, tí ẹ̀pà kì í tán lápò rẹ̀. Láti ìgbà èwe ló ti ń bá páńdà gbé. Bí Duoyun bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà, á ti dìde. Ọ̀gá Pu ló kọ́ Yuerong ní gbogbo ohun tó mọ̀, Yuerong sì máa ń rò pé bí ẹnì kan bá wà láyé yìí tí ẹ̀rù kò bà rí, bàbá náà ni.

Nínú ooru oṣù kẹjọ ọdún kan, Duoyun bí ìbejì.

Ọmọ páńdà kì í ju èkúté ilé lọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i. Ó pupa, ojú rẹ̀ dì, irun funfun rẹ̀ kò ju bí èéhù lọ, ṣùgbọ́n igbe rẹ̀ á máa dún bí ìgbà tí wọ́n bá tẹ ajá ńlá nírù. Ìyá rẹ̀ á gbé e sí àyà, kò ní jẹun, kò ní sùn dáadáa, á máa fi ahọ́n pọ́n ọn lọ́sàn-án àti lóru. Bó bá wá jẹ́ méjì ló bí, á mú ọ̀kan, á fi ìkejì sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò ká a.

Nítorí náà ni àwọn olùtọ́jú ṣe ń dá ọgbọ́n kan. Wọ́n á gbé èyí tó wà nílẹ̀ sínú àpótí gíláàsì tó ń mú ọmọ móoru, wọ́n á jẹ́ kí ìyá tọ́jú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọ́n á gbé omi oyin fún ìyá, bó bá ti ń lá a, wọ́n á yọ́ ọwọ́ sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n á mú èyí tó wà láyà rẹ̀, wọ́n á sì fi ìkejì rọ́pò. Ìyá náà á rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni òun ń tọ́. Báyìí ni àwọn méjèèjì á ṣe mu ọmú, tí àwọn méjèèjì á sì yè. Wọn kò tíì sọ àwọn ìbejì Duoyun lórúkọ, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ jáde ni gbogbo wọn ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, èyí tó tẹ̀lé e ni Àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ni ìyá wọn mú. Àbúrò ló bọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá Pu ló ń ṣe ìpààrọ̀ náà. Yuerong kàn ń kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, ó ń di abọ́ oyin mú, kò sì ní mí títí ọwọ́ ọ̀gá yóò fi jáde.

Àwọn ọmọ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé nígbà tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán ni, ojú ọ̀run ti ṣú láti àárọ̀, ooru sì mú bí ẹni pé wọ́n dé ìdérí lé ìlú náà. Ọ̀gá Pu kúnlẹ̀ sí ojú ihò tó wà láàárín irin, ó na apá wọlé dé èjìká. Yuerong na abọ́. Duoyun ń lá oyin pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn, ojú rẹ̀ dì díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀gá ti dé abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ìka rẹ̀ ti kan ara ọmọ, ni àrá bá sán lórí òrùlé. Kì í ṣe àrá tó ń kùn bọ̀ láti òkèèrè. Ó já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí ọkọ̀ akẹ́rù bá da irin sílẹ̀. Duoyun ta gìrì, ó yí orí, ó sì pa ẹnu dé.

Yuerong gbọ́ ìró náà, ìró ọparun.

Ọ̀gá Pu kò ké. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun, òógùn yọ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn.

"Má fà mí. Má pariwo. Da oyin."

Yuerong mú ìgò oyin, ó dà á sínú abọ́, ó dà á sórí irin, ó dà á sílẹ̀, oyin sì ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀. Ó pẹ́. Lójú Yuerong, ó pẹ́ ju gbogbo ọdún tó ti lò láyé lọ. Nígbà tó yá, imú Duoyun mì, ẹnu rẹ̀ là, ó sì padà sídìí abọ́ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá Pu fa apá rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Apá náà ti ṣẹ́ po níbi tí Ọlọ́run kò dá oríkèé sí.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn nínú òjò. Yuerong kò bá wọn lọ. Ó ní láti fọ ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ kí òórùn rẹ̀ má baà da ìyá ọmọ láàmú. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó fi ẹ̀yìn sí irin, kò sì wo inú lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ bí Duoyun ṣe ń fi ahọ́n pọ́n ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Nígbà tó parí, ó lọ sí yàrá tí àpótí gíláàsì wà. Dókítà Yin Peizhen, oníṣègùn àwọn ẹranko, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Obìnrin tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó fi ìka kan gbé orí Àbúrò sókè, ó ń fi nǹkan tín-ín-rín kán wàrà sí i lẹ́nu. Wàrà náà ń gba imú jáde.

"Ó tún pọ̀ ọ́," ó wí láìgbójú sókè. "Láti àárọ̀, kò sí ẹ̀kán kan tó dúró nínú ẹ̀."

Yuerong bèèrè bóyá wàrà mìíràn kò sí. Dókítà Yin ní òun ti dán gbogbo èyí tó wà wò. Ọmú ìyá rẹ̀ ló nílò, omi ọmú àkọ́kọ́ tó nípọn yẹn, tí ààbò wà nínú rẹ̀, bí kò bá sì rí i mu kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní rí ọ̀la. Yuerong tún bèèrè bóyá wọn kò lè fi abẹ́rẹ́ kun Duoyun lóorun.

"Oògùn á wọnú ọmú. Bó bá sì sùn, ó lè yí lé èyí tó wà láyà ẹ̀ lórí. Mi ò lè pa ọ̀kan torí kí n gba ọ̀kan là." Dókítà Yin na ẹ̀yìn rẹ̀. "Èmi ò sì lè sún mọ́ ọn. Bó bá gbóòórùn mi báyìí, abẹ́rẹ́ ló ń rántí. Òórùn Ọ̀gá Pu ló mọ̀, àti tìẹ."

Òjò ń lu òrùlé.

"Mi ò ní bẹ̀ ọ́, Yuerong. Ohun tójú wa rí lónìí, mi ò lè rán ọmọ ọlọ́mọ wọ inú ẹ̀. Bó o bá ní o ò ṣe, ọ̀rọ̀ tán, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́."

Yuerong ní òun ń bọ̀. Ó rìn lọ sí ilé ìtọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bì gbogbo ìndómì ata tó jẹ lọ́sàn-án sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lórí táìlì tútù, ó pe ọkọ rẹ̀. Ran Bo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé òpin ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ ni, ariwo èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá Suisui, kí ló dé? Ṣé ọmọlangidi yín ti gba oúnjẹ ẹ jẹ ni?"

Bí Yuerong bá ní ẹ̀rù ń ba òun, Ran Bo yóò rẹ́rìn-ín. Bó bá sọ ti apá Ọ̀gá Pu, yóò ní kó máa bọ̀ wálé lójú ẹsẹ̀, Yuerong yóò sì lọ, nítorí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fẹ́ náà nìyẹn. Ó kàn ní kí ó bá òun mú Suisui nílé ìyá àgbà. Ran Bo ní kò burú, kí ó má pẹ́ o, òun ti ra ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀dọ̀ kì í sì í dúró de èèyàn.

Ó tún pe nọ́ńbà Ọ̀gá Pu. Ìyàwó bàbá náà ló gbé e, ó sì fi tẹlifóònù sí etí rẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú ìrora. Àbúrò kò lè mu wàrà o..."

"Mo mọ ohun tó o fẹ́ sọ. Má lọ."

"Dókítà ní kí ilẹ̀ tó ṣú..."

"Má lọ, mo ní. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, a kì í gba ìkejì là. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe. A máa ń jẹ́ kó lọ ni, a ó sunkún díẹ̀, a ó tún gbá ilẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn ṣì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Apá kì í hù padà, Yuerong. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ọ̀gá, ṣé ẹ̀rù máa ń ba ẹ̀yin náà?"

Yuerong ń gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni ó ní àwọn dókítà ti dé láti wo apá òun, ó sì pa ìpè náà.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó má lọ. Dókítà ní kò pọn dandan. Ìyẹn ì bá tu ẹlòmíràn nínú, Yuerong náà sì dìde, ó fọ ojú, ó ń padà lọ sọ fún Dókítà Yin pé òun kò lè ṣe é. Ó ti ki ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu tán. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Igbe Àbúrò, tó ti ń gba gbogbo ilé kan láàárọ̀, ti rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dún fínfín bí ìdè ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà Yin ṣì bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń kán wàrà tí kò dúró.

"Ẹ bá mi wá oyin mìíràn," Yuerong wí. "Mo ti da èyí tó wà nílẹ̀ tán."

Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni pé ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Àyà rẹ̀ já nígbà tó yé e pé òun ni.

Ó bọ́ òrùka rẹ̀. Ó fọ apá rẹ̀ méjèèjì dé èjìká, ó fi ewé ọparun tí Duoyun ti sùn lé lórí ra wọ́n kí òórùn ọṣẹ má baà wà lára rẹ̀. Wọ́n ra Àbúrò náà bẹ́ẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sínú agbọ̀n kékeré kan, wọ́n da táwẹ̀lì bò ó. Kò sí ẹlòmíràn tí yóò di abọ́ mú. Yuerong ni yóò fi ọwọ́ òsì di abọ́ oyin, tí yóò fi ọwọ́ ọ̀tún mú ọmọ. Dókítà Yin dúró sẹ́yìn ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti ní gbé òórùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹranko náà.

Yuerong kúnlẹ̀. Itọ́ ti gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Duoyun jókòó ní igun, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ká ara mọ́ ọmọ rẹ̀. Orí rẹ̀ tóbi. Yuerong ti rí orí náà lọ́jọ́ gbogbo, ṣùgbọ́n kò tóbi báyìí rí. Ó pe orúkọ rẹ̀ bí Ọ̀gá Pu ṣe máa ń pè é, ohùn rẹ̀ sì já ní àárín. Duoyun gbé imú sókè. Ó gbóòórùn oyin. Ó fà sún mọ́ irin, ó na ahọ́n sínú abọ́.

Yuerong na ọwọ́ ọ̀tún wọlé.

Irun àyà páńdà le, kò rọ̀ bí àwọn èrò ṣe ń rò, ó sì gbóná. Ọwọ́ Yuerong gba ibẹ̀ kọjá. Ó kọjá lábẹ́ ètè tó ń mì, ó dé abẹ́ àgbọ̀n, ó kan nǹkan kékeré kan tó ń mí. Ní àkókò yẹn gan-an ni ìmọ́lẹ̀ funfun kan kọ ní fèrèsé òkè.

Mànàmáná ni. Àrá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo ara Yuerong ní kí ó fa ọwọ́ yọ. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí òun bá fà á lójijì, ohun tó ń sá ni ẹranko máa ń bù mú. Bí kò bá sì fà á, àrá yóò bá ọwọ́ náà níbẹ̀. Ó dúró. Kì í ṣe pé ó ní ìgboyà. Kò rí ọ̀nà mìíràn ni. Ó di ojú, ó sì gbọ́ bí àrá ṣe ń yí bọ̀ lórí ìlú, tó ń pọ̀ sí i, tó sì bẹ́.

Nígbà tó la ojú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu Duoyun.

Eyín wà lókè, eyín wà nísàlẹ̀, egungun rẹ̀ wà láàárín. Kò tíì dun ún. Ó kàn wúwo ni, ó gbóná, ó rin fún itọ́, èémí ẹranko náà sì ń fẹ́ sí i lápá. Omi gbígbóná kan ṣàn sí itan Yuerong, ó wọnú bàtà rọ́bà rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Ojú Duoyun wà ní ọ̀kánkán ojú rẹ̀, ojú kékeré, dúdú, tí kò sí ìkórìíra nínú rẹ̀, tí kò sì sí ìfẹ́. Ó ń ronú lórí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Yuerong bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Kò mọ ohun tí yóò sọ, ó ń sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ní òun ní láti ra ata gbígbẹ, èyí tó wà nílé ti hu. Ó ní ìbọ̀sẹ̀ Suisui ti ya ní àtàǹpàkò. Ó ní Ran Bo ra ẹ̀dọ̀, ó dájú pé yóò fi iyọ̀ tó pọ̀ jù sí i, ó máa ń fi iyọ̀ tó pọ̀ jù sí i. Eyín náà tẹ̀ sí i díẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ. Omijé ń bọ́ sórí ìgbáyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà.

Ẹ̀gbọ́n ló sunkún. Ọmọ náà wà láyà ìyá rẹ̀, bóyá òtútù kàn án, bóyá ebi ni, ó figbe ta. Duoyun la ẹnu láti dá a lóhùn, ọwọ́ Yuerong sì bọ́. Ìyá náà tẹ orí ba, ó fi ahọ́n pọ́n ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn náà ó tún rántí oyin, ó padà sídìí abọ́.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti wá pọ̀ jù. Nígbà àkọ́kọ́, Yuerong kò mọ bí ó ṣe ń rí. Nísinsìnyí ó mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, odidi ni, ó ti bọ́, ìka rẹ̀ márùn-ún pé, òun tìkára rẹ̀ ni yóò sì dá a padà. Ó wo ọwọ́ náà bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹ́ rán lọ sójú ogun. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú agbọ̀n, igbe fínfín yẹn ti dákẹ́.

Ó dá ọwọ́ náà padà.

Ó mú Ẹ̀gbọ́n lábẹ́ àgbọ̀n ìyá rẹ̀, ó fà á jáde, ó tẹ́ ẹ sínú agbọ̀n. Ó mú Àbúrò. Kò ní ìwúwo kankan. Ó gbé e wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí irun dúdú tó wà láyà Duoyun, ó sì yọ ọwọ́. Duoyun gbé orí kúrò nínú abọ́. Ó gbóòórùn ọmọ náà pẹ́. Ó la ẹnu, ó fi gbogbo ẹnu gbé e, Yuerong sì di etí méjèèjì nítorí pé kò fẹ́ gbọ́ ohun tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà kàn gbé ọmọ rẹ̀ sókè ni, ó tún un gbé kalẹ̀ síbi ọmú. Orí tó kéré bí ẹ̀pà náà ń wá kiri, ó sinmi, ó wá kiri, ó sì rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

Yuerong kò lè dìde. Dókítà Yin ló fi abẹ́ apá gbé e jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó mú un jókòó, tó bọ́ bàtà rẹ̀ tó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ojú àgbàrá láìsọ nǹkan kan. Ó lọ mú ṣòkòtò ara rẹ̀ wá fún un. Eyín Duoyun wà lára ọrùn ọwọ́ Yuerong, àpá pupa lókè àti nísàlẹ̀, awọ kò sì là.

"Wọ́n á tún pààrọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó ṣú," Dókítà Yin wí nígbà tó yá. Ó bá ara rẹ̀ wí, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Mo mọ̀, mà," ni Yuerong dáhùn.

Ó tún ṣe é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù náà sì ju ti ọ̀sán lọ. Nígbà tó délé, ẹ̀dọ̀ ti le bí awọ bàtà. Ran Bo ti ní ẹ̀fẹ̀ kan lẹ́nu, ó fẹ́ sọ ọ́, ó wá rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń mú igi ìjẹun. Ó pa iná ìdáná. Ó jókòó tì í, ó mú ọwọ́ náà sórí itan ara rẹ̀, ó ń wò ó lábẹ́ iná. Yuerong sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti ọjọ́ tó ti wọ iṣẹ́ náà. Ran Bo kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ó má lọ mọ́ lọ́la. Yuerong ní òun yóò lọ. Wọ́n kò sùn bọ̀rọ̀.

Ó lọ ní ọjọ́ kejì, ó sì lọ ní gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Àwọn èèyàn rò pé ara rẹ̀ á ti mọ́ ọn. Kò mọ́ ọn. Ní gbogbo ìgbà tó bá kúnlẹ̀ níwájú ihò yẹn, òógùn tútù á bò ó, bí ojú ọ̀run bá sì ṣú, á ti bì kí ó tó délé iṣẹ́. Duoyun kò tún mú un mọ́. Ìyẹn kò sì dín nǹkan kan kù, nítorí kò sí ọjọ́ tí ẹranko náà ṣèlérí fún un. Àwọn ìbejì ń sanra. Wọ́n dúdú níbi tó yẹ kí wọ́n dúdú, wọ́n la ojú, wọ́n rá, àwọn oníròyìn tẹlifíṣọ̀n dé, wọ́n ya àwòrán Yuerong níwájú gíláàsì, wọ́n pè é ní ìyá kejì. Nígbà tó di ìgbà òtútù, tí àwọn ọmọ náà ti lè rìn, Duoyun gba àwọn méjèèjì sọ́dọ̀ láìsí ọgbọ́n ẹnikẹ́ni.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Yuerong lọ bá ọ̀gá àgbà ọgbà náà pé kí ó gbé òun lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ. Ọ̀gá àgbà rò pé owó ló ń wá, ó ní òun yóò fi kún un. Yuerong ní kì í ṣe owó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ títí: obìnrin tó di gbajúmọ̀ tán, tó wá ń sá lọ máa kó ìgbẹ́ ẹyẹ àkọ̀. Dókítà Yin nìkan ni kò bi í léèrè. Ó bá a gbé àpótí rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọgbà dé etí adágún.

Òtútù ti lọ, òdòdó ti ń tanná, kí Ọ̀gá Pu tó wá a wá. Ó ti fẹ̀yìn tì. Apá rẹ̀ kò nà mọ́, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n jókòó lórí òkúta lẹ́bàá omi, Yuerong sì bá a ṣí ìdérí ife tíì rẹ̀, nítorí ọwọ́ kan kò lè ṣí i. Ó bèèrè bóyá àwọn ẹyẹ yìí ń buni ṣán. Yuerong ní wọ́n máa ń fi ẹnu sọni, ṣùgbọ́n bàtà ni wọ́n máa ń sọ.

Bàbá náà mu tíì.

"Wọ́n ti fi iṣẹ́ ibí yìí lọ èmi náà rí. Tipẹ́tipẹ́, kí n tó gbéyàwó. Ó wù mí. Ojú ló tì mí láti gbà á."

Ní ọ̀kánkán wọn, àkọ̀ kan tó ti ń sùn lórí ẹsẹ̀ kan na ọrùn, ó sì ṣí ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì lójijì, ó dún bí aṣọ tí wọ́n gbọ̀n nínú afẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì ta gìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Tíì dà sí Ọ̀gá Pu ní orúnkún. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Yuerong dìde, ó nu orúnkún rẹ̀ fún un, ó sì lọ gbé garawa ẹja, nítorí ó ti tó àkókò tí àwọn ẹyẹ ń jẹun.